Ohun Tí Omi Àgbádárìgì Ń Fi Sílẹ̀ Nínú Ojú Ẹja

Ẹni tó bá ti jẹ orí ẹja rí mọ hóró funfun kékeré kan tó máa ń yọ jáde nínú ojú ẹja tí wọ́n ti sè. Ó rí roboto, ó le, eyín kì í fẹ́ rún un, etí àwo ni wọ́n sì máa ń tu ú sí. Ọmọdé a mú un ṣeré, àgbà a gbá a dànù pẹ̀lú egungun. Lẹ́ǹsì ojú ẹja ni. Nígbà tí ẹja wà láàyè, lẹ́ǹsì yìí kò funfun rárá. Ó mọ́ gaara, òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sẹ́yìn ẹyinjú kí ẹja lè ríran. Púrọ́tíìnì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, iná ọbẹ̀ ló mú púrọ́tíìnì náà dì tó fi di funfun.

Kí ẹni tó ń jẹun má tíì jù ú nù. Bí ó bá fi èékánná họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò rí i pé ó ń bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Ìpele tó wà láàárín gbùngbùn ló kọ́kọ́ dá, nígbà tí ẹja ṣì kéré débi pé ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Bí ẹja ti ń dàgbà ni ìpele tuntun ń bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í wọ inú lẹ́ǹsì. Awọ ara a máa bó kí tuntun rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì inú lẹ́ǹsì kì í kúrò níbi tó bá ti jókòó sí. Nítorí náà, ohun tó bá bá ìpele kan wọlé lọ́jọ́ tí ìpele náà ń dá, ibẹ̀ ló máa ń wà títí ẹja yóò fi kú.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti lo àǹfààní èyí. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí tí Julius Nielsen ti Yunifásítì Copenhagen ṣíwájú wọn yọ àárín lẹ́ǹsì ẹkurá Greenland méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹja ńlá tó ń gbé inú omi yìnyín lápá àríwá ayé. Wọ́n wọn kábọ́ọ̀nù tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹja náà ti wà nínú ìyá rẹ̀. Ìṣirò wọn fi hàn pé èyí tó tóbi jù nínú wọn ti lo ọdún 272 ó kéré tán, ó sì ṣeé ṣe kó ti súnmọ́ 400. Ojú ló sọ ọjọ́ orí rẹ̀, torí ẹkurá kò ní òkúta líle nínú etí tí wọ́n fi ń ka ọdún ẹja mìíràn.

Kábọ́ọ̀nù nìkan kọ́ ló ń wọ inú ojú. Ẹ̀yà irin oríṣiríṣi wà níbẹ̀ pẹ̀lú: sínkì, bàbà, irin gan-an, máńgánísì, sẹ̀lẹ́níọ́mù tí kì í ṣe irin tán ṣùgbọ́n tó ń bá wọn rìn, àti àwọn tí ara kò béèrè fún rárá bí òjé, kádímíọ́mù àti mẹ́kúrì. Ìwọ̀n wọn kéré púpọ̀. Mílígíráàmù díẹ̀ nínú kílógíráàmù kan ni wọ́n fi ń ka ọ̀pọ̀ wọn, àwọn mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lórí ìwọ̀n kékeré yìí ni ìríran dúró lé, òun náà ló sì ń sọ irú omi tí ẹranko náà gbé inú rẹ̀. Fún etíkun Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan.

Omi Àgbádárìgì kì í ṣe omi kan ṣoṣo. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù, iyanrìn Gberefu ló dá òun àti ọ̀sà sí méjì, ọ̀sà sì nà láti apá Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ó gba iwájú ìlú Àgbádárìgì kọjá, ó ń lọ sí ìlà-oòrùn títí ó fi bá omi Èkó pàdé. Odò Yewa ń tú sínú rẹ̀. Lọ́nà Èkó, ọ̀sà Ologe tí odò Owo ń bọ́ so mọ́ ọn. Lásìkò òjò, omi odò a lé iyọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ òkun a tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Epìyà àti òbọ̀kún ń gbé inú ọ̀sà, agbodo ń wọlé ó ń jáde, ṣawá àti kútà wà lókun. Àwọn ẹja wọ̀nyí kì í mu omi kan náà, wọn kì í sì í jẹ oúnjẹ kan náà.

Ẹ̀gbẹ́ Ologe ni Àgbárá wà, ibùdó iléeṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti àwọn ọdún 1970. Omi ìdọ̀tí láti apá ibẹ̀ ń dé ọ̀sà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn olùwádìí ti ń tọ ipa rẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tó wà ní Ọjọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an, wà lára àwọn tó ṣe é jù, P. E. Ndimele àti C. A. Kumolu-Johnson wà nínú àwọn tó ti tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí ẹ̀yà irin inú omi Ologe, inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, inú ẹja rẹ̀ àti inú ewéko tó ń léfòó lójú rẹ̀. Ewéko náà, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ti apá orílẹ̀-èdè Benin wọ omi Àgbádárìgì ní ọdún 1984, ó sì di ìyọnu fún gbogbo ọlọ́kọ̀ ojú omi. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa òjé àti bàbà mọ́ra láti inú omi, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń rò ó pé wọ́n lè fi fọ ọ̀sà, bí wọ́n bá ń kó o kúrò lákòókò.

Nínú irú ìwádìí báyìí, ẹran ara ẹja, ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àti ibi pupa tó fi ń mí lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gé. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹran ni èèyàn ń jẹ jù, ibi tí ẹja fi ń mí ni omi kọ́kọ́ ń kàn, ẹ̀dọ̀ ni ara ń kó májèlé sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń yí padà. Ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ lónìí lè máà sí níbẹ̀ bó bá di ọdún tó ń bọ̀. Ojú ni kì í gbàgbé, ojú náà ni wọ́n sì ń jù nù pẹ̀lú orí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú omi tí òbọ̀kún kan gbé láti kékeré títí tó fi kó sí àwọ̀n, ibi tó yẹ kó wò ni lẹ́ǹsì.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ májèlé, ó yẹ ká mọ ìdí tí ojú fi ń wá ẹ̀yà irin kiri.

Sínkì ni olórí wọn. Nínú gbogbo ara ẹranko, rẹ́tínà, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba àwòrán, àti kọ́róídì, awọ dúdú olẹ́jẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wà lára ibi tí sínkì pọ̀ sí jù. Iṣẹ́ rẹ̀ bá iṣẹ́ fítámì A rìn. Fítámì A ni ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn, ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì nílò sínkì láti ṣe púrọ́tíìnì tó ń gbé e gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sójú. Bó bá dé ojú tán, sínkì tún wà nínú àwọn ohun tó ń sọ ọ́ di irú èyí tí rẹ́tínà lè lò. Ẹni tí sínkì inú ara rẹ̀ kò tó lè máa jẹ epo pupa lójoojúmọ́, kí ojú rẹ̀ má sì ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Epo wà nílẹ̀, ẹni tí yóò gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń lò ó ni kò sí.

Ajá ló fi sínkì ṣe ohun tó yani lẹ́nu jù. Bí èèyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì sójú ajá lóru, ojú náà a kọ mọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ́tínà ajá ni ìpele kan wà tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjá láìṣiṣẹ́ lè tún gba inú rẹ́tínà lẹ́ẹ̀kejì. Hóró wínníwínní tí sínkì àti èròjà kan tó ń jẹ́ sísítéènì para pọ̀ dá ló kún inú ìpele yìí. Nínú àwọn ọdún 1950, Weitzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbẹ ẹ, wọ́n sì wọ̀n ọ́n: sínkì nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó gbẹ. Ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tiẹ̀ ju ìdá 13 lọ. Kò sí ibi tí wọ́n tíì rí sínkì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára ohun ẹlẹ́mìí nígbà náà. Ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù náà ń kọ mọ̀nà lóru, ṣùgbọ́n okùn tín-ín-rín inú awọ ni tiwọn fi ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kì í ṣe sínkì. Ẹlẹ́dẹ̀ kò ní irú ìpele bẹ́ẹ̀, èèyàn náà kò ní.

Ohun kan wà tó fi hàn bí sínkì ṣe ṣe pàtàkì tó nínú ojú. Ethambutol jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó sì ń bẹ nínú ìtọ́jú náà ní Nàìjíríà. Oògùn yìí máa ń di ẹ̀yà irin mú. Nígbà tí wọ́n fún ajá ní púpọ̀ nínú rẹ̀, ìpele tó ń kọ mọ̀nà lẹ́yìn ojú ajá náà ṣá. Nínú èèyàn díẹ̀ tó ń lò ó, ó lè ba iṣan tó ń gbé àwòrán láti ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ra lójú ẹni náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé bí oògùn náà ṣe ń di sínkì àti bàbà mú wà lára ohun tó ń fa èyí. Oògùn tó ń gba ẹ̀mí là ni, kò yẹ kí aláìsàn kankan tìtorí ọ̀rọ̀ yìí dáwọ́ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ ni pé kí ó tètè sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bí ìríran rẹ̀ bá yí padà.

Bàbà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Láìsí bàbà, ara kò lè ṣe èròjà dúdú tó ń kun inú ojú, tó ń dènà ìmọ́lẹ̀ àṣejù. Bàbà àti sínkì jọ wà nínú èròjà kan tó ń pa iná tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń dá sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń gbé etíkun mọ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bàbà ni alákàn fi ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, níbi tí èèyàn ti ń fi irin gbé tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ alákàn fi ń fà sí àwọ̀ búlúù.

Ṣùgbọ́n bí bàbà bá pọ̀ jù, ojú a tún fi hàn. Àrùn kan wà tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lè lé bàbà àjẹṣẹ́kù jáde. Samuel Alexander Kinnier Wilson ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àrùn náà. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, ní 1902, Bernhard Kayser ti rí òrùka aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ létí awọ iwájú ojú aláìsàn kan. Bruno Fleischer tún rí irú rẹ̀ ní 1903. Bàbà tó ti kó jọ sínú awọ náà ni òrùka yẹn. Títí dòní, dókítà tó bá rí i lójú ọ̀dọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n máa ń ronú kan àrùn Wilson.

Irin gan-an ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ́tínà, láàárín àwọn èròjà tó ń tún fítámì A ṣe lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ bá ti lò ó tán. Irin tó bá gba ìta wọlé ló léwu. Lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, wẹ́dà, alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin pọ̀ lọ jàra. Ẹ̀rún irin kékeré lè ta sínú ojú, kó gba awọ iwájú wọlé, kí ẹni náà rò pé ó ti jáde nítorí pé ìrora náà rọlẹ̀. Inú ojú ni yóò ti máa dípẹtà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tàbí ọdún pàápàá, rẹ́tínà a bẹ̀rẹ̀ sí í kú, lẹ́ǹsì a sì mú àwọ̀ ìpẹtà. Dígí ààbò lásán lè dènà gbogbo rẹ̀.

Báwo wá ni òjé àti kádímíọ́mù ṣe ń wọlé sójú tí kò pè wọ́n? Wọ́n ń gba ọ̀nà tí àwọn tó ní iṣẹ́ níbẹ̀ ń gbà ni. Ìwà òjé nínú ara jọ ti kálísíọ́mù, ti kádímíọ́mù jọ ti sínkì, àwọn ẹnu ọ̀nà inú sẹ́ẹ̀lì kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa. Láti inú omi, wọ́n ń gba ibi tí ẹja fi ń mí wọ ẹ̀jẹ̀. Láti inú oúnjẹ, wọ́n ń gba ìfun. Ẹ̀jẹ̀ a gbé wọn lọ sí kọ́róídì, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ibẹ̀ ni èròjà dúdú wà, èròjà dúdú yìí sì máa ń di ẹ̀yà irin mú pinpin. Ó lè jẹ́ ààbò fún rẹ́tínà níbẹ̀rẹ̀, torí pé ohun tó ti dì mú kò lè ṣe é léṣe lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibi ààbò náà á di ibi tí májèlé ń kún sí.

Wọ́n ti rí i nínú ojú èèyàn. Ní 2005, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ojú àwọn tó ti kú. Gbogbo awọ tó ní èròjà dúdú nínú àwọn ojú náà ni wọ́n ti rí òjé àti kádímíọ́mù, kọ́róídì àti ìpele tó lẹ̀ mọ́ ọn ló sì kó wọn jọ jù. Kò dìgbà tí èèyàn bá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òjé kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ayé tí gbogbo wa ń gbé ni wọ́n gbé. Èéfín sìgá ní tirẹ̀ ní kádímíọ́mù nínú.

Ní Nàìjíríà, èèyàn tiẹ̀ máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òjé sójú. Tìróò ni. Àwọn ìyá ti ń lé tìróò fún ọmọ láti ayébáyé, fún ẹwà, àti nítorí ìgbàgbọ́ pé yóò jẹ́ kí ojú ọmọ là dáadáa. Òkúta dúdú tó ń dán tí wọ́n ń lọ̀ kúnná láti fi ṣe é, òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ dá a. Ní ọdún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wò, wọ́n sì bá òjé máíkírógíráàmù 13 nínú désílítà kan. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ òjé. Àjọ CDC ti ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn náà jáde ní 2012. Ọmọ a máa fọwọ́ ra ojú, a sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Ọ̀nà tí òjé fi ń wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó dára kí a sọ ọ́ gbangba fún gbogbo ìyá, láìbú ẹnikẹ́ni: ìfẹ́ ló mú wọn máa lé e, ṣùgbọ́n tìróò olójé kò yẹ ojú ọmọ.

Ohun tí òjé lè ṣe fún ọmọdé kò jìnnà sí wa. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé, eruku òjé pa ọmọdé tó ju irinwó lọ. Nínú àwọn tó yè, àwọn kan fọ́jú, àwọn kan ya adití.

Mẹ́kúrì ni ìbẹ̀rù àwọn tó ń jẹ ẹja jù, ìtàn rẹ̀ sì ti etíkun wá. Ní Minamata, ní Japan, iléeṣẹ́ kan ń da mẹ́kúrì sínú òkun, ẹja gbà á sára, àwọn apẹja àti ìdílé wọn sì jẹ ẹja náà. Oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni wọ́n kéde àrùn náà. Ọ̀kan lára àmì rẹ̀ ni pé ojú àwọn aláìsàn kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, iwájú gan-an nìkan ni wọ́n ń rí. Apá ọpọlọ tó ń túmọ̀ àwòrán ni mẹ́kúrì bàjẹ́ nínú wọn. Nínú ẹja fúnra rẹ̀, mẹ́kúrì a lẹ̀ mọ́ púrọ́tíìnì, a sì bá a wọ inú ìpele lẹ́ǹsì. Ẹja tó ń jẹ ẹja, tó tóbi, tó sì ti pẹ́ láyé, bíi kútà àti ẹkurá, ló ń kó o jọ jù. Ṣawá àti agbodo kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tó lóyún lè máa jẹ ṣawá láìfòyà, kí ó dín ẹkurá kù.

Òkúta etí ẹja, irú èyí tí ẹni tó bá ń jẹ orí ẹja ńlá máa ń tu jáde, ń ṣiṣẹ́ bíi ti lẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn méjèèjì ń gbà mọ́ra yàtọ̀. Kálísíọ́mù ni wọ́n fi dá òkúta etí, nítorí náà ohun tó jọ kálísíọ́mù, bíi stronsíọ́mù, ló ń wọ ibẹ̀ jù. Nínú lítà kan omi òkun, stronsíọ́mù tó nǹkan bíi mílígíráàmù 8. Ti omi odò kéré gan-an sí i. Òkúta etí lè sọ ìgbà tí ẹja wà lókun àti ìgbà tó wọ ọ̀sà. Lẹ́ǹsì tó jẹ́ púrọ́tíìnì ń gba sínkì, sẹ̀lẹ́níọ́mù àti mẹ́kúrì. Bí wọ́n bá ka méjèèjì pọ̀, wọn yóò mọ ibi tí ẹja náà rìn dé àti ohun tó bá pàdé níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Olùwádìí a kọ́kọ́ gé àyíká ẹyinjú pẹ̀lú ọ̀bẹ tí kì í ṣe irin, ti séràmíìkì tàbí ike, nítorí pé ọ̀bẹ irin lè fi irin tirẹ̀ sílẹ̀ sára ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Igò àti ife ti gbọ́dọ̀ sùn nínú ásíìdì náítíríkì tí wọ́n fi omi là, kí wọ́n sì fi omi tí kò ní èròjà kankan ṣàn wọ́n. Olùwádìí náà ń la awọ iwájú ojú, omi ojú ń tú jáde, lẹ́ǹsì ń yọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ó mọ́ gaara, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Rẹ́tínà ń ká bí a bá fi ohun kékeré fà á. Kọ́róídì dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ògiri ẹyinjú. Olùwádìí kó ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, ó gbẹ wọ́n nínú ààrò títí ìwọ̀n wọn kò fi yí padà mọ́, ó wọ̀n wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ó da ásíìdì náítíríkì tó le lé wọn lórí, ó gbé e kaná. Èéfín àwọ̀ ilẹ̀ a máa rú jáde. Èéfín yìí léwu, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí èéfín náà bá dáwọ́ dúró, tí omi inú ife sì mọ́ gaara, gbogbo ẹran ara ti tú, ẹ̀yà irin nìkan ló kù nínú omi. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi là á dé ìwọ̀n kan, wọ́n á sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ tí Alan Walsh ará Ọsirélíà fi ìlànà rẹ̀ han ayé ní 1955. Irú ẹ̀rọ yìí wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà. Ó ń fọ́n omi náà sínú iná, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú iná náà kọjá. Iná àtùpà sínkì yàtọ̀, ti bàbà yàtọ̀, ti òjé yàtọ̀. Ẹ̀yà irin kọ̀ọ̀kan ń gbé ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan mì. Ìmọ́lẹ̀ tó dín kù ni ẹ̀rọ fi ń mọ iye tó wà níbẹ̀. Ife kan a máa wà tí kò ní ojú ẹja nínú, ásíìdì àti omi lásán. Bí ẹ̀rọ bá rí òjé nínú ife yẹn, ìdọ̀tí ti wọ iṣẹ́, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí mélòó kan wà tó fi yẹ kí a máa ṣọ́ra tí a bá ń ka èsì. Ìwọ̀n ojú gbígbẹ àti ìwọ̀n ojú tútù kì í ṣe ọ̀kan náà. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹyinjú, nítorí náà iye kan náà lè dà bí ẹni pé ó ti di ìlọ́po mélòó kan. Òfin àgbáyé tó sọ pé òjé inú ẹja kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.3 nínú kílógíráàmù kan lọ, ẹran tí à ń jẹ ló ń bá wí. Bí iye inú kọ́róídì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò túmọ̀ sí pé ẹja náà ti di májèlé lórí tábìlì. Ojú epìyà kéré; ẹni tó bá fa ojú ẹja mu nínú ọbẹ̀ kò mu òjé tó lè pa á. Omi ni ọ̀rọ̀ kàn, àti àwọn tó ń da nǹkan sínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì ti wọni lára nìyẹn. Iléeṣẹ́ lè ti ẹnu páìpù rẹ̀ pa lọ́jọ́ tí àwọn alábòójútó bá ń bọ̀, kí omi tí wọ́n bù lọ́jọ́ náà sì mọ́. Lẹ́ǹsì òbọ̀kún kò ní ọjọ́ àbẹ̀wò. Ọdún tí omi dára, ọdún tí omi bàjẹ́, ìpele méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láti ka ìpele lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n nílò ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán lésà họ lẹ́ǹsì láti etí dé àárín, tó sì ń ka ohun tó bá tú jáde. Owó ńlá ni, kò sì pọ̀ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì kì í jẹrà bí wọ́n bá fi sínú yìnyín, ó ṣeé fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ wà, ó sì ṣeé tọ́jú di ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò dé.

Ohun tí apẹja, oníṣòwò ẹja àti akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ̀rẹ̀ báyìí kò nílò ẹ̀rọ kankan. Kí wọ́n gba orí òbọ̀kún tàbí epìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa ẹja tà ní Agbálátà àti ní àwọn èbúté ẹ̀gbẹ́ Ologe. Kí wọ́n yọ ẹyinjú méjèèjì, kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá mímọ́. Kí wọ́n kọ ọjọ́, orúkọ ẹja, gígùn rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti kó o lé e, kí wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ amúǹkan-dì. Oṣù òjò kan, oṣù ẹ̀ẹ̀rùn kan, lọ́dọọdún. Fáìlì kan fún apá Àjàṣẹ́, òmíràn fún iwájú ìlú Àgbádárìgì, òmíràn fún Ologe.